Iṣẹ́ Rírán Lójú Agbami

Àwọn tó ṣe ìpìlẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì gbà pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ jọ wà lórí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ilẹ̀, kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Òpó kan ò jìnnà sí èkejì, wáyà wà nínú ilẹ̀, bí ọ̀nà kan bá dí, òmíràn á ṣí. Àmọ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ kúrò ní èbúté Apapa, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ pòórá lẹ́yìn yín, ẹ ó rí i pé kí ìlà máa já kì í ṣe àbùkù ẹ̀rọ. Bí ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń de rédíò àti àǹtẹ́nà mọ́ òpó ọkọ̀: ọkọ̀ agbépo, ọkọ̀ akẹ́rù, àtàwọn ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ àti irinṣẹ́ lọ fún àwọn tó ń wa epo lójú agbami. Ohun tí iṣẹ́ náà fi yé mi ni pé ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n dúró sàn ju ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n sáré lọ.

Ara ayé fúnra rẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ayé rí roboto, ìgbì rédíò VHF tí ọkọ̀ fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kì í sì í tẹ̀ tẹ̀ lé e ju díẹ̀ lọ. Bí àǹtẹ́nà ọkọ̀ kan bá ga ní mítà 16 sí ojú omi, tí ti ọkọ̀ kejì náà ga tó bẹ́ẹ̀, wọn ó máa gbọ́ ara wọn títí dé nǹkan bíi kìlómítà 33, ìyẹn máìlì òkun 18. Bí èkejì bá jẹ́ ọkọ̀ apẹja àwọn ará Ìlàjẹ, tí àǹtẹ́nà rẹ̀ ò ju mítà 2 lọ, ó di máìlì 12. Ọkọ̀ apẹja méjì bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn, máìlì 6 péré. Ẹ lè fi iná kún agbára rédíò bó ṣe wù yín, ẹ ò lè fi iná na òpó ọkọ̀ sókè.

Ẹ wá ṣírò àkókò mọ́ ọn. Ọkọ̀ ńlá méjì ń bọ̀ wá pàdé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rìn ní máìlì 12 ní wákàtí kan. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ gbọ́ ara wọn títí tí wọ́n á fi ṣíwọ́ gbígbọ́, wákàtí kan ààbọ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ó dìgbóṣe. Lórí ìlà tó ń gbé bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ohun tí wákàtí kan ààbọ̀ yẹn lè gbé ò tó mẹ́gábáìtì 7. Fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta láti orí fóònù òde òní ti jẹ ẹ́ tán.

Àwọn kan á ní ká kúkú lo Wi-Fi alágbára, irú èyí tí wọ́n fi ń so orí ilé mọ́ orí ilé ní Èkó. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òkun ní ọgbọ́n àrékérekè tó ń lò fún un. Ìgbì kan á lọ tààrà láti àǹtẹ́nà dé àǹtẹ́nà, ìgbì kejì á kọ́kọ́ lu ojú omi kó tó ta sókè. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé níbi tí wọ́n ń lọ, nígbà mìíràn wọ́n á kún ara wọn lọ́wọ́, nígbà mìíràn wọ́n á pa ara wọn. Lórí 5.8 GHz, pẹ̀lú àǹtẹ́nà mítà 16 lọ́tùn-ún lósì, ibi tí wọ́n ti ń pa ara wọn bọ́ sí nǹkan bíi kìlómítà 10, kìlómítà 5 àti kìlómítà 3.3. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ á máa wò ó: ọkọ̀ ń sún mọ́ni, iná aláwọ̀ ewé kú, ó jí, ó tún kú. Ọmọ iṣẹ́ tuntun á ti gbé sọ́kúrú láti tú ohun tí kò bàjẹ́. Ọjọ́ tí omi bá sì tẹ́jú tí kò mira ló máa ń burú jù, torí omi tó tẹ́jú ló ń dá ìgbì padà dáadáa. Bí òkun bá ru díẹ̀, ìgbì kejì á fọ́n ká, ìlà á le sí i. Bó bá ru jù, ọkọ̀ á máa yí, àǹtẹ́nà tó yẹ kó wo iwájú á máa wo ojú ọ̀run. Oògùn rẹ̀ ni àǹtẹ́nà méjì lórí òpó kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀: níbi tí ọ̀kan bá ti di odi, èkejì á gbọ́. Owó àǹtẹ́nà kejì yìí ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìwé.

Ti ojú ọ̀run náà wà lọ́tọ̀. Ìlà ìdọ́gba òòfà ayé gba apá àríwá Nàìjíríà kọjá, ìdí nìyẹn tí ìpele òkè tí wọ́n ń pè ní ionosphere fi máa ń dàrú lórí wa lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Àmì GPS àti ti àwọn sátẹ́láìtì L-band á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pàkòpàkò, pàápàá láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ní àwọn ọdún tí oòrùn bá ń gbóná girigiri bíi 2024. Ọ̀gákọ̀ tó ń retí ìwé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kí wọ́n wá mi wá. Bó bá fi máa di ọ̀gànjọ́, ẹ̀rọ á ti wo ara rẹ̀ sàn, èmi ni wọ́n á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò oṣù kẹfà ní tirẹ̀ máa ń pa àmì sátẹ́láìtì Ku-band. Ní àsìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, VHF á gbọ́ láti ibi tí kò yẹ kó gbọ́ rárá, ọkọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn á máa dún bí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé, lọ́jọ́ kejì ohùn rẹ̀ á ti pòórá.

Ìlànà TCP, tó ń gbé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń rán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ò mọ̀kan nínú gbogbo èyí. Bí èsì ò bá dé, ohun tó máa ń rò ni pé ọ̀nà kún, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà níwájú, á sì dẹ ẹsẹ̀. Á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tún gbìyànjú. Bí kò bá bọ́ sí i, á dúró fún méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìdúró náà á fi tó ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìgboro, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Lójú òkun, ìwà òmùgọ̀ ni. Ọkọ̀ kejì lè ti yọ, kí ìlà ti ṣí fún ìṣẹ́jú kan, kí TCP ṣì jókòó kó máa kà, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀nà ti là. Nígbà tó bá fi máa jí, ọkọ̀ ti kọjá. Fáìlì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán á padà sí òdo, nítorí kò wá sọ́kàn àwọn tó kọ ètò náà rí pé ó lè já níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ọkọ̀ sí ọkọ̀, tí kì í sì í dá wa láàmú, ni AIS, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń kéde orúkọ rẹ̀, ibi tó wà, ibi tó kọrí sí àti bó ṣe ń sáré tó. Láti òpin 2004 ni SOLAS, òfin àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú omi, ti mú un ní dandan fún ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó tọ́ọ̀nù 300 tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Bíìtì 9600 yẹn náà ló ń gbé. Kí ló wá jẹ́ kó yanjú? Kì í béèrè èsì. Wọ́n pín ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sí àyè 2250 lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan nínú méjì tó ń lò, aago GPS ló ń ṣètò rẹ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á yan àyè tirẹ̀, á sì ti kéde èyí tó máa lò tẹ̀ lé e kí ẹlòmíì má bàa bá a du ú. Bí ẹ ò bá gbọ́ ti ìsinsìnyí, ẹ ó gbọ́ òmíràn láìpẹ́. Kò sí ọ̀gá láàárín, kò sí òpó orí ilẹ̀ tí wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kúkurú nìkan ló lè gbé, òótọ́ ni. VDES, àbúrò rẹ̀ tí àjọ ITU ya ìkànnì sọ́tọ̀ fún ní ìpàdé 2015 àti ti 2019, á gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn ọmọ ogun ojú omi NATO ní STANAG 5066, tí wọ́n fi ń gba orí rédíò HF rán ímeèlì kọjá ibi tí ojú mọ. Bí ojú ọ̀run bá burú, ìyára rẹ̀ lè wálẹ̀ dé bíìtì 75 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́tà 160 á kọjá lórí ìyẹn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 17, ọ̀pọ̀ ohun tó ṣe pàtàkì nínú ọkọ̀ ò sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí bí a ṣe máa sọ̀rọ̀ yìí ká má dárúkọ òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1912, tí Titanic kàgbákò. Ọkọ̀ Californian sún mọ́ Titanic ju ọkọ̀ Carpathia lọ. Àmọ́ Cyril Evans, òun nìkan tó ń ṣiṣẹ́ rédíò nínú Californian, ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti lọ sùn kí Titanic tó kọ lu òkè yìnyín. Carpathia tó jìnnà ló gbọ́ igbe rẹ̀, torí Harold Cottam, oníṣẹ́ rédíò tirẹ̀, ò tíì bọ́ sórí ibùsùn. Àwọn aṣòfin wá sọ pé kí ẹnì kan máa jókòó ti rédíò tọ̀sán-tòru. Ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1999, tí GMDSS, ètò ìpè pàjáwìrì ojú omi, fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, kí ẹ̀rọ tó gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ títẹ́tí sílẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tí èmi máa ń rí nínú ìtàn náà yàtọ̀ díẹ̀: ìgbì rédíò dé ara òpó Californian lóru yẹn, kò sì sí ohunkóhun nínú ọkọ̀ náà tó lè gbà á pamọ́ de ẹni tó ń sùn.

Gbígbà á pamọ́ yìí gan-an ni ọ̀nà tí mo fara mọ́. Vint Cerf, tí òun àti Bob Kahn ṣe TCP/IP, wà lára àwọn tó bá NASA jókòó ní 1998 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa dé Mars, níbi tí èsì ọ̀rọ̀ lè pẹ́ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ní 2003, olùwádìí Kevin Fall sọ ọ́ di mímọ̀ pé ibi púpọ̀ wà láyé níbí tí ìṣòro wọn kò yàtọ̀ sí ti Mars. Ìlànà tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní 2007 lábẹ́ orúkọ RFC 5050. Ẹni tó bá ti fi wéèbíìlì ránṣẹ́ láti gáréèjì Ọjọ́ta sí Ìbàdàn rí ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ kì í dúró kí ọ̀nà dá títí dé Ìwó Road kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù fún awakọ̀. Ẹ dì í, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á sí i lára, ẹ gbé e lé awakọ̀ lọ́wọ́, ẹ kọrí sílé. Awakọ̀ ò ní láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mọ́tò rẹ̀ bá kú ní Ìbàfò, á gbé e sínú mọ́tò mìíràn.

Nínú ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń di iṣẹ́ ní ìdì, tó ń kọ ibi tó ń lọ sí i lára, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú dísìkì. Bí ọkọ̀ mìíràn bá yọ tó ń lọ sí ìhà ibẹ̀, á gbé ẹ̀dà kan fún un. Ọkọ̀ tó ti Onne gbé irinṣẹ́ dé ibi ìwapo Bonga lójú agbami, tó ń padà sílé, lè kó ìròyìn ọkọ̀ mẹ́ta tó pàdé lọ́nà dání, kó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá dé ibi tí òpó orí ilẹ̀ ti ń gbọ́ ọ. Kò sí ìgbà kankan tí olórí ọ̀nà àti ìdí ọ̀nà jọ ṣí, síbẹ̀ iṣẹ́ dé. Ọ̀nà àwọn ọkọ̀ wa sì ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí èbúté tí wọ́n ń lọ ò pọ̀: Èkó, Kútọnu, Lomé, Onne, Bonny. Àwọn olùwádìí ní Singapore gba ọ̀nà mìíràn nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní TRITON, wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ títí dé ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀, àfi níwájú èbúté Èkó níbi tí wọ́n ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ tí wọ́n ń retí àyè.

Ibi tí ẹ̀rọ onídìí yìí ti ń yọ mí lẹ́nu ni aago. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí wọ́n dì í àti àkókò tó máa kú. RFC 5050 gbà pé aago gbogbo kọ̀ǹpútà péye. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ọkọ̀ ń sọdá láti ìhà kan ayé sí òmíràn, wọ́n ń yí aago síwájú sẹ́yìn, ẹnì kan á sì fọwọ́ yí ti kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Mo ti bá kọ̀ǹpútà pàdé tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ kú, tó padà sí ọdún 1970. Gbogbo ìdì tó bá fi aago yẹn dì, lójú ọkọ̀ tó gbà á, ó ti kú tipẹ́, wọ́n á sì jù ú nù láìsọ̀rọ̀. Ìlànà tuntun, RFC 9171 ti 2022, gbà kí ìdì máa gbé ọjọ́ orí ara rẹ̀ dání, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa fi iye àkókò tó lò lọ́wọ́ rẹ̀ kún un. Ìyẹn nìkan tó ìdí láti fi pààrọ̀ ti àtijọ́.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, àmọ́ ẹ̀rọ kì í mọ ìyàtọ̀ bí a ò bá kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ kan ta ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iṣẹ́ pamọ́ fún ọkọ̀ tí mo wà nínú rẹ̀ nígbà kan. Ó ń tọ́jú pamọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ lọ. Ìlà já láti ìrọ̀lẹ́. Lóru, ẹ̀rọ tó ń fa okùn ká ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ mọ́lẹ̀, ọ̀gákọ̀ kọ̀wé sí dókítà lórí ilẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó ń dúró. Nígbà tí ìlà ṣí ní ìdájí, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán ibi tí ọkọ̀ wà láti ìrọ̀lẹ́ àná, ìwọ̀n epo inú ẹ́ńjìnnì, àwòrán kámẹ́rà ibi ẹrù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A dúró tì í, orúkọ fáìlì ń gòkè lójú ẹ̀rọ, ìwé dókítà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìlà já kó tó kàn án. Rédíò HF àtijọ́ tí wọ́n ti ní ká tú dànù la fi rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọkọ̀ wà lánàá ti di pàǹtí bí ti òní bá ti dé. Kí ẹ̀rọ pa á rẹ́. Ìwọ̀n epo lè dúró di ọ̀la. Ìwé ìsinmi òṣìṣẹ́ lè dúró di ọjọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ò gbọ́dọ̀ dúró tẹ̀lé nǹkan kan. Ọ̀gákọ̀, ẹlẹ́ńjìnnì àti ọ́fíìsì ló gbọ́dọ̀ jókòó pín ipò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó ṣí. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ bíi tèmi ò lè bá wọn pín in.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé. Ọkọ̀ oníṣòwò kan kì í fẹ́ gbé ẹrù ọkọ̀ tí wọ́n jọ ń du ọjà, kódà bí wọ́n bá ti ẹrù náà pa tí kò lè rí inú rẹ̀. Ti àwọn ajalèlókun ló wá burú jù. Ní Gulf of Guinea, àwọn ọ̀gákọ̀ ti máa ń pa AIS wọn kí ẹni ibi má bàa fi wá wọn rí, ìlànà IMO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, sì gbà wọ́n láyè bí ewu bá wà. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti gbé ètò ààbò ojú omi Deep Blue jáde ní 2021, ìkọlù ti dín kù gan-an lójú omi wa, ọpẹ́ ni, àmọ́ ìbẹ̀rù ò tíì tán nílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kígbe ní gbogbo ìgbà pé èmi rèé, ta ló ní ìdì fún mi, kò yẹ ọkọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ lóru. Ó gbọ́dọ̀ lè pa ẹnu mọ́ kó máa gbọ́, kó tọ́jú tirẹ̀ pamọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Wọ́n á ní Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, ti dé. Ó ti dé lóòótọ́, ti orí omi láti 2022, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ tó ń rí ojú ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju ẹni tí kò rí i lọ. Láti oṣù kejìlá 2024, àtúnṣe MLC, òfin àgbáyé lórí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ti ní kí àwọn olówó ọkọ̀ máa pèsè íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn níwọ̀n bó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ apẹja Ìlàjẹ ò lè san owó Starlink. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀run nìkan kọ́ ló ń já. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìhà Abidjan, báńkì àti ọ́fíìsì l'Ékòó sì wọ gàù. Ọkọ̀ tí sátẹ́láìtì rẹ̀ mọ́ kedere lè má rí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní máìlì méjì sí i, tí VHF lásán lè dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń buwọ́ lùwé owó, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹ̀rọkẹ́rọ, ẹ ní kí wọ́n rán fáìlì ńlá kan lójú yín. Bó bá dé àárín, ẹ fa wáyà àǹtẹ́nà yọ. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn. Kí wáyà ṣì wà ní yíyọ, ẹ kọ ìwé pàjáwìrì kan sí i, kẹ́ ẹ lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ dá wáyà padà fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kẹ́ ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ jáde. Bí kì í bá ṣe ìwé pàjáwìrì yẹn, tàbí bí fáìlì ńlá náà bá tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá gbé e padà.